Atẹ́gùn Ni Wọ́n Fi Ń Jí Yak-52

Bàálù Yak-52 tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì dáwó jọ rà yìí ò ní sítátà. Ẹ ò ṣì mí gbọ́ o. Bátìrì wà nínú ẹ̀, rédíò wà, iná wà, àmọ́ kò sí mọ́tò kankan níbẹ̀ tó lè yí ẹ̀ńjìnnì yẹn. Atẹ́gùn ni wọ́n fi ń jí i. Wọ́n há a mọ́ inú ìgò irin kan, ó fún pọ̀ síbẹ̀ tó bíi ìlọ́po àádọ́ta atẹ́gùn tó wà níta, tẹ́ ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì báyìí, á tú jáde, á ya wọ inú àwọn sílíńdà lọ́kọ̀ọ̀kan, á ti písítìnì, fáànù iwájú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tí atẹ́gùn bá lọ tán nínú ìgò kí ẹ̀ńjìnnì tó gbá iná, ó parí nìyẹn. Ẹ máa bọ́ sílẹ̀ ni, kẹ́ ẹ lọ wá ìgò atẹ́gùn míì, irú èyí tí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ òkun máa ń gbé sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi ọ́ọ̀sì so ó mọ́ bàálù, kẹ́ ẹ tún ìgò rẹ̀ rọ.

Atẹ́gùn yẹn kan náà ló ń gbé ẹsẹ̀ bàálù sókè sódò, òun ló ń ti fláàpù, ìyẹn pátákó tó máa ń wálẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́ apá, òun náà ni bíréèkì. Irú iṣẹ́ yìí tí bàálù míì ń fi iná tàbí ọ́ìlì ṣe, atẹ́gùn ni tiwa fi ń ṣe é.

Mo fi èyí bẹ̀rẹ̀ torí gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé a ra bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ogun láyé àtijọ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: ṣé ẹ̀rù kì í bà ẹ́ lókè? Lókè kọ́ lẹ̀rù mi wà jàre. Lókè, bàálù yìí máa ń gba èèyàn láyè dé ìwọ̀n kan, torí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó ṣe é sì mọ̀ pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ máa ṣe àṣìṣe. Orí ilẹ̀ ló ti le. Ohun téèyàn bá fi falẹ̀ lórí ilẹ̀, bàálù yìí kì í gbàgbé ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó ti wá. Ilé iṣẹ́ Yakovlev ní Soviet ló ya á, 1976 ló kọ́kọ́ fò, àmọ́ ìlú Bacău ní Romania ni wọ́n ti tò ó, nílé iṣẹ́ tó wá ń jẹ́ Aerostar, wọ́n sì ṣe bíi 1,800. DOSAAF ló lò ó jù, ìyẹn ẹgbẹ́ tí ìjọba Soviet dá sílẹ̀ láti máa fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní fífò, wíwa mọ́tò, yíyin ìbọn, kí wọ́n tó wọṣẹ́ ológun. Ọ̀dọ́ tí ọwọ́ ẹ̀ bá ti mọ Yak dáadáa ló máa ń bọ́ sínú jẹ́ẹ̀tì bíi L-29 àti L-39. Nígbà tí Soviet wá túká ní 1991, tówó ò sí mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n sókè òkun, bó ṣe di pé àwọn èèyàn bíi tiwa tí ò wọ aṣọ ogun rí láyé wọn lè jókòó síwájú nínú ẹ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe òun nìkan la wò o. A wo Chipmunk, èyí tó kọ́kọ́ fò ní Kánádà ní 1946, agbára ẹṣin 145 péré, kò sẹ́ni tó wà á tí ò yìn ín, pé ó gbọ́ràn, pé èrò lásán lèèyàn ń fi yí i. Àmọ́ kò lágbára tó fún ohun tí ọkàn wa ń fẹ́. A wo Harvard, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Texan, agbára ẹṣin 600, ìró ẹ̀ nìkan tó kéèyàn tawó sí, ṣùgbọ́n epo tí ẹ̀ńjìnnì yẹn ń mu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́, táyà kékeré ẹ̀ tún wà lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá ti gbójú kúrò lára ẹ̀ lórí ilẹ̀, ìrù á fẹ́ sáré kọjá orí. CJ-6 ti Ṣáínà náà wà níbẹ̀, ó fò ní 1958, kí n má purọ́, òun ló rẹwà jù nínú gbogbo wọn, ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń wọ inú ìyẹ́ apá lọ pátápátá. Yak la mú torí agbára ẹ̀ tó 360, táyà ẹ̀ wà níwájú, ara ẹ̀ sì gba kéèyàn fò ó gbogbo ọ̀nà, bó ṣe wà lóòró, bó ṣe dojú dé. Wọ́n ní ara ẹ̀ lè gba ìlọ́po méje ìwúwo ara ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fà á sókè, márùn-ún tẹ́ ẹ bá tì í sílẹ̀. Ara àwa tá a wà nínú ẹ̀ máa pariwo kí tiẹ̀ tó pariwo.

Nígbà tá a lọ rà á, ìwé la kọ́kọ́ jókòó tì. Bàálù àwọn ará Soviet kì í ṣe ara ẹ̀ nìkan ló níwèé. Ẹ̀ńjìnnì níwèé tiẹ̀, fáànù níwèé tiẹ̀, kọ̀mpírẹ́sọ̀ níwèé tiẹ̀, pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pè é, èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n sì fi kọ púpọ̀ nínú ẹ̀. Iye wákàtí tó gbọ́dọ̀ fò kí wọ́n tó tú u palẹ̀ wà níbẹ̀, iye ọdún náà wà níbẹ̀. Ọdún yẹn ni ọ̀pọ̀ tó ń rà á kì í kà sí. Wọ́n á rí bàálù tí ò fi bẹ́ẹ̀ fò, ọ̀dà ara ẹ̀ ń dán, wọ́n á ní àwọn jẹ èrè, wọn ò mọ̀ pé èyí tó kàn jókòó sínú ilé ló máa ń ná èèyàn lówó jù, ọ́ọ̀sì rọ́bà inú ẹ̀ á ti gan, gbogbo ibi tí atẹ́gùn ń gbà á máa jò díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rọ ìgò lálẹ́, ẹ máa bá òfìfo láàárọ̀. Tí wọ́n bá ní kí n yan, màá mú èyí tí ọ̀dà ẹ̀ ti ṣí tó ń fò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, màá fi èyí tó ń dán sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

Bàbá mẹkáníìkì tá a mú dání lọ ò tiẹ̀ wo ọ̀dà yẹn rárá. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́ apá, ó ń fi èékánná ha ibi tí irin ìyẹ́ apá ti wọnú ara bàálù, ó ń wá ìpẹtà funfun tí álúmíníọ̀mù máa ń hù. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ti orí àti èjìká bọ ẹ̀yìn ìjókòó kejì, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó máa fi jáde, nọ́ọ̀tì kékeré kan àti kùkùté pẹ́ńsùlù ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀.

“Ẹ wò ó,” ó ní, “ohun tó máa pa yín rèé. Ẹ fi ẹ̀ńjìnnì yẹn sílẹ̀.”

Òótọ́ ni bàbá sọ. Inú Yak ò ní ilẹ̀ tó bo abẹ́ ìjókòó. Irin gbalasa ni, ohunkóhun tó bá já bọ́ lápò yín máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹ ò ní rí i mọ́, tẹ́ ẹ bá wá dojú bàálù dé tẹ́ ẹ tún gbé e nàró, á gbéra, á lọ sí ìrù, níbi tí àwọn ọ̀pá àti wáyà tó ń darí bàálù ń gbà kọjá. Á ha síbẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá ìdarí, kò lọ. Àwọn kan ti bá a lọ lọ́nà yẹn, wọ́n bá súkúrúdíráfà nínú àwókù. Òfin wa báyìí ni pé kẹ́nikẹ́ni tó wọlé, àpò gbọ́dọ̀ ṣófo, fóònù, kọ́kọ́rọ́, owó wẹ́wẹ́, bírò, gbogbo ẹ̀ á wà nílẹ̀, irinṣẹ́ tó bá sì wọ inú bàálù, a máa kà á wọlé, a máa kà á jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ́kọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti di àwọn tó ń yẹ ara èèyàn wò ní pápákọ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ́ìlì.

Ẹ̀ńjìnnì ẹ̀, M-14P ni wọ́n ń pè é, sílíńdà mẹ́sàn-án ló ní, wọ́n tò wọ́n yíká ní òbìrí, àwọn kan kọjú sókè, àwọn kan kọjú sílẹ̀. Tí bàálù bá ti jókòó, kódà bó jẹ́ láti alẹ́ àná, ọ́ìlì á rọra máa yọ́ lọ sínú àwọn tó kọjú sílẹ̀. Atẹ́gùn ṣeé fún pọ̀, ọ́ìlì ò ṣeé fún. Písítìnì á wá pẹ̀lú ipá, á bá ọ́ìlì níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ gbà fún èkejì, ọ̀pá tó di písítìnì mú ló sì máa ń gbà, á tẹ̀. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó lè má kán lójú ẹsẹ̀. Ó lè tẹ̀ díẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ fò lónìí, kẹ́ ẹ tún fò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó máa dún dáadáa, ọjọ́ tó bá wù ú ló máa já, lókè.

Torí ẹ̀ la ṣe máa ń fọwọ́ yí fáànù ká tó jí i. Ẹ máa rí i dájú pé súwíìṣì mágínẹ́tò, ohun tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, wà nípípa, ẹni tó wà nínú bàálù á sì tún dáhùn pé ó wà nípípa, ẹ má gba ẹlẹ́rìí kan gbọ́. Ẹ máa wá di abẹ́ fáànù mú, ọwọ́ lílà, ẹ má ká ìka mọ́ ọn, ẹ máa rìn ín wá, abẹ́ kan tẹ̀ lé òmíì. Igi ni fáànù náà, fífẹ̀ ẹ̀ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó lé ní mítà méjì, téèyàn bá dúró tì í ló máa ń mọ bó ṣe tóbi tó. Sílíńdà tó wà ní àlàáfíà máa kọ̀ fún yín díẹ̀, ẹ á gbọ́ tó mí, á wá gbà. Èyí tí ọ́ìlì bá wà nínú ẹ̀ ò ní kọ̀ díẹ̀, ṣe ló máa dúró gbọin-in. Téèyàn bá ti fọwọ́ kan ìyẹn rí, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ìyàtọ̀ fún un mọ́. Ẹ má tì í, ẹ má pe ẹnì kejì wá bá yín tì í. Ẹ má sì yí i padà sẹ́yìn o! Tẹ́ ẹ bá yí i sẹ́yìn, ọ́ìlì yẹn á sá wọ páìpù tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, á dúró dè yín níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti jí ẹ̀ńjìnnì tán ló máa padà wá. Pọ́lọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ lẹ máa tú, kẹ́ ẹ gbé ike sábẹ́ ẹ̀, kó máa kán tó, kẹ́ ẹ máa wo ara yín lójú. Òórùn ọ́ìlì ò kúrò lára aṣọ tí mo máa ń wọ̀ lọ síbẹ̀ mọ́, mo ti fọ̀ ọ́ sú.

Ká tó sọ pé a fẹ́ fò wákàtí kan, a ti máa ń lo tó wákàtí kan nílẹ̀, mo sì ti rí àwọn tó ta tiwọn torí ìyẹn. Bàálù ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, sùúrù ẹ̀ ni wọn ò ní.

Tó bá wá tó àkókò láti jí i, ẹ máa fi pọ́ọ̀m̀pù ọwọ́ fún un lépo, ẹ máa tẹ bọ́tìnì, atẹ́gùn á ké, fáànù á yí gírígírí bí ẹni tí wọ́n jí lójijì, sílíńdà kan á gbá, méjì á gbá, èéfín funfun á bo gbogbo iwájú yín, ẹ̀yìn náà ni gbogbo wọn á wá dọ́gba. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ti dàgbà, a níyàwó a lọ́mọ, àmọ́ kò sígbà tíyẹn ṣẹlẹ̀ tá ò rẹ́rìn-ín. Ẹ ò tíì lè lọ ṣá. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbóná dé 40 lórí ìwọ̀n Celsius, orí sílíńdà dé 120, kẹ́ ẹ tó fún un ní gbogbo agbára.

Bíréèkì ẹ̀ náà ní ẹjọ́ tiẹ̀. Táyà iwájú ò ní ohun tó ń darí ẹ̀, ibi tó bá wù ú ló ń kọjú sí. Irin kan wà lára ọ̀pá ìdarí tẹ́ ẹ máa fún, ẹsẹ̀ yín ló wá máa sọ bóyá táyà ọ̀tún tàbí tòsì ni kó mú. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fún un, ẹ máa gbọ́ fìṣìṣì lẹ́yìn yín, atẹ́gùn yín ló ń lọ yẹn. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń dá a padà o, àmọ́ jẹ́jẹ́ ni, tí ẹ̀ńjìnnì ò bá sáré. Ẹni tó ń kọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́ máa ń rìn wọ́gọwọ̀gọ, á máa fún un bí ẹni ń fún ọsàn, kó tó débi tó ti máa gbéra, gééjì ti wálẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ wa kì í sọ̀rọ̀ sí i. Á kàn ní, “Wo gééjì ẹ.” Ó tó.

Ẹ̀yìn ni ọ̀gá máa ń jókòó, ọmọṣẹ́ ló ń jókòó síwájú. Ìṣètò yẹn burú fún ẹni tó bá fẹ́ràn kó máa wojú olùkọ́ ẹ̀ bóyá òun ṣe é ire. Ẹ ò rí ojú kankan. Ohùn lẹ máa gbọ́ létí, ìgbà míì ẹ ò tiẹ̀ ní gbọ́ nǹkan kan, ẹ á máa rò pé inú ń bí i. Wọ́n tún fún un láwọn súwíìṣì lẹ́yìn níbẹ̀ tó lè fi pa àwọn gééjì iwájú kó fi wo ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Ọ̀gá wa fẹ́ràn èyí ju oúnjẹ lọ. Iyára á kàn kú lójú mi lójijì, màá ní, “Ọ̀gá, iyára ti lọ o,” wọ́n á dá mi lóhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé bàálù náà ti lọ?” Ó wá di pé mo ń fi ìdí jókòó gbọ́ ọ, mò ń fetí sí bí atẹ́gùn ṣe ń gba ara fèrèsé, ibi tí imú bàálù wà sí òfurufú, bí ọ̀pá ìdarí ṣe ń rọ̀ lọ́wọ́ mi tí iyára bá ń lọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàálù ló jẹ́ kí n gbà pé àwọn tó ṣe é mọ ọmọ aráyé. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè, kì í wọlé tán. Ó kàn máa ká ni, táyà á ṣì máa yọ jáde lábẹ́. Ó dín eré ẹ̀ kù, kò bójú mu, àwọn oní CJ-6 sì máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ nítorí ẹ̀. Àmọ́ ọmọṣẹ́ tó bá gbàgbé tó balẹ̀ láìtú ẹsẹ̀, orí táyà yẹn náà ló máa fi yí. Fáànù onígi máa fọ́, wọ́n máa yẹ ẹ̀ńjìnnì wò, ojú máa tì í, àmọ́ á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn jáde. Wọ́n tún fi irin tíńtín kan sórí ìyẹ́ apá kọ̀ọ̀kan àti ọ̀kan síwájú gíláàsì, tí ẹsẹ̀ bá ti wálẹ̀ á yọrí sókè. Kò lo iná, kò lo bátìrì. Iná aláwọ̀ ewé wà lójú pátákó lóòótọ́, ọ̀gá ò jẹ́ kí n fi ìyẹn nìkan ṣẹ̀rí. “Iná lè purọ́,” wọ́n á ní, “wo ìyẹ́ apá ẹ.”

Spin nìkan ni mo máa sọ pé lókè níbẹ̀ tí kò gba àwàdà. Tí iyára bá lọ jù tí bàálù sì ń wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹ́ apá kan á kú ṣáájú èkejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀ nílẹ̀. Yak máa ń jáde nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé e létòlétò: ẹ fa agbára ẹ̀ńjìnnì sílẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dálì tó kọ̀dí sí ibi tó ń yí sí dé òpin, ẹ wá ti ọ̀pá ìdarí síwájú, kó wà láàárín, má ya sọ́tùn-ún má ya sósì. Ẹni tó bá fi agbára ẹ̀ńjìnnì sílẹ̀ síbẹ̀, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá ìdarí gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì, bàálù á tẹ́ pẹrẹsẹ, á máa yí bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì máa ń pẹ́ kó tó gbọ́. Pípẹ́ yẹn, gíga ló ń jẹ. Torí ẹ̀, a máa ń lọ sókè gan-an ká tó gbìyànjú ẹ̀, ọ̀gá á sì wà lẹ́yìn. Àwọn kan wà tí Yak pa, nítòsí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń dárà fún àwọn òǹwòran. Ẹ̀mí ò láàrọ̀, mi ò lè mú inú òǹwòran dùn débi yẹn.

Ní ti owó, èyí tá a fi rà á kọ́ ló ń dùn wá. Táǹkì ẹ̀ méjèèjì gba lítà 122, tó bá ń rìn jẹ́jẹ́ ó ń mu bíi lítà kan ní ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ bá ń dárà ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má fi bàálù yìí gbèrò ìrìn àjò. Ọ̀nà jíjìn kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ ò sì lè sọ pé ẹ máa fi kó èrò gbowó kó bọ́ ara ẹ̀, ní Amẹ́ríkà bí àpẹẹrẹ, abẹ́ ìsọ̀rí bàálù tí wọ́n ń pè ní Experimental Exhibition ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ìyẹn ò fàyè gba gbígbé èrò fún owó. Àwa mẹ́ta là ń dá a, ọ̀tọ̀ lowó oṣooṣù, ọ̀tọ̀ lowó wákàtí, ọ̀tọ̀ lèyí tá a ń tọ́jú de ọjọ́ tí ẹ̀ńjìnnì máa lọ sí ilé àtúnṣe. Ẹni tó bá fẹ́ dá nìkan rà á, tó bá lówó ẹ̀, kó rà á, àmọ́ á ṣe àárò ẹni tó máa bá a di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ìjà kan ṣoṣo tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín wa, gééjì ló dá a sílẹ̀. Bàálù yìí ń ka gíga ní mítà, iyára ní kìlómítà ní wákàtí kan, yíyí ẹ̀ńjìnnì ní ìdá ọgọ́rùn-ún: ọgọ́rùn-ún fún gbígbéra, 82 fún gígun òkè, 70 fún rírìn. Ọ̀kan nínú wa ní ká yọ gbogbo ẹ̀ dànù ká kó èyí tí gbogbo ayé ń lò sí i. Lórí gíga, mo gbà, torí ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n ń pè fún wa lórí rédíò, kò sídìí tẹ́nì kan á fi máa ṣe ìṣirò nígbà tí bàálù ẹlòmíì ń bọ̀ níwájú ẹ̀. A ti fi ọ̀kan tó ń ka ẹsẹ̀ bàtà sí i. Ti ẹ̀ńjìnnì ni mo kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ìlò ẹ̀, ìdá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀gá wa fi ń pè é, ọwọ́ wa ti mọ̀ ọ́n. A fa ọ̀rọ̀ náà títí, a dìbò, ó fìdí rẹmi.

Nígbà tí mo máa fi dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti gé bébà kékeré, ó ti kọ rpm, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ̀ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, sí i wínníwínní, ó ti fi sẹ́lótéépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gééjì yẹn. Mi ò yọ ọ́. Mo kàn fi èékánná yẹ etí ẹ̀ wò bóyá ó lẹ̀ mọ́ra dáadáa, kó má lọ já bọ́ sísàlẹ̀.